Káàdì Ìlà Márùn-ún

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí Edith Bọ́lárìnwá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí, tó ń lọ láti ilé dé ilé bi èèyàn ní ìbéèrè, ó kọ ẹ̀yà ọkùnrin kan sílẹ̀ láìbi í léèrè. Ṣàfíù ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìdí-Oró ní Mushin ló ti ń tún fáànù ṣe, níwájú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà. Ṣàfíù tú fáànù mẹ́ta kalẹ̀, ó ń wé wáyà pupa bí ẹni ń fi òwú di irun, ó sì ń dá Edith lóhùn láìgbójú sókè. Yorùbá ẹnu rẹ̀ já geere. Ó ti pa òwe lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé ìdajì ìbéèrè. Nígbà tí oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan gun ẹsẹ̀ fáànù rẹ̀ kọjá, èébú tó bú u kì í ṣe èyí tí àlejò lè kọ́ láàárín ọdún kan. Edith dé ibi tó ti yẹ kí ó béèrè ẹ̀yà, ojú tì í. Ta ni í bi ẹja bóyá ó mọ omi í wẹ̀? Ó tẹ "Yorùbá" lórí tábúlẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀, ó kọjá sí ìbéèrè tó kàn.

Òfin iṣẹ́ náà ni pé kí ọ̀gá padà sí díẹ̀ nínú àwọn ilé tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ti lọ, kí ó tún bi wọ́n ní àwọn ìbéèrè kan, kí ó lè mọ ọmọ abẹ́ tó kàn jókòó sábẹ́ igi, tó ń dá àwọn ìbéèrè náà lóhùn fúnra rẹ̀. Roqeeb ni ọ̀gá Edith. Edith jù ú lọ́jọ́ orí. Ọkùnrin náà kì í pariwo, ṣùgbọ́n kì í gbójú fo nǹkan. Ó dé ọ̀dọ̀ Ṣàfíù, ó bi í, ó gbọ́ ohun mìíràn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú Edith padà lọ sí Ìdí-Oró.

"Àǹtí Edith, ẹ bi wọ́n," ni Roqeeb wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yà wo ni yín?"

"Ìgbìrà ni mí," ni Ṣàfíù dáhùn. "Òkènè ni bàbá mi ti wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìdó. Mushin ni wọ́n bí mi sí, Mushin ni mo ti gbéyàwó, ibí náà ni wọ́n máa sin mí sí." Ó gbé wáyà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Ẹ má fajú ro, àbúrò. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ló ń sọ mí di Yorùbá. Tí ìbò bá ti sún mọ́lé, Yorùbá ni mí. Tí wọ́n bá wá ń pín iṣẹ́ ní káńsù, wọ́n á ní kí n lọ gba tèmi ní Òkènè."

"Tí ẹ bá dé Òkènè ńkọ́?" ni Roqeeb bèèrè.

"Wọ́n á ní, 'Ará Èkó dé!' Wọ́n á sáré gbé àga fún mi bí àlejò."

Roqeeb rẹ́rìn-ín. Edith kò rẹ́rìn-ín. Ó tún ìdáhùn náà tẹ̀, ó kí Ṣàfíù, ó sì ń lọ bí ẹni tó ṣèèṣì gbé ẹrù ẹlẹ́rù kúrò ní ọjà. Láti ọjọ́ náà, kò tún fi ojú dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ olùwádìí ni kí ó máa béèrè ohun tí kò mọ̀. Wọn kò rò ó tán. Ohun tí olùwádìí rò pé òun mọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ béèrè.

Surulere ni wọ́n bí Edith sí. Ará Iléṣà ni òbí rẹ̀ méjèèjì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò sun Iléṣà tó oṣù kan lápapọ̀ láyé rẹ̀, bó bá sì sọ Ìjẹ̀ṣà, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ a máa fi í rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Yábà kí wọ́n tó ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa. Ẹ̀yìn ìyẹn ló bọ́ sídìí iṣẹ́ ìwádìí. Àgùdà ní Surulere ló ń gbé, nínú yàrá méjì nílé Àlàájì Àbdùlsàmàd. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ló jẹ́ nígbà tó kó wọ ilé náà. Ibẹ̀ ló bí Tiwalọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sí. Ibẹ̀ náà ni ọkọ rẹ̀ kú sí, lórí bẹ́ẹ̀dì tó kojú sí fèrèsé, nígbà tí Tiwalọlá ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù. Àlàájì ló gbé mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó yẹ kí èyí wà ní ìrántí, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí káàkiri Àgùdà a máa sọ ọ́ bí ẹni pé ìkà ènìyàn ni Àlàájì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú ilé ayálégbé tí yàrá kojú síra wọn ní Mushin àti Surulere, kò sí ẹni tó ń dá nìkan wà. Kí olùwádìí tó jókòó, àgbà obìnrin kan yóò ti gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, yóò ní òun kò wá gbọ́ nǹkan kan. Òfin iṣẹ́ ní kí ẹni tí wọ́n ń bi wà ní òun nìkan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ìyá àgbà pé kí ó dìde lọ lójú ilé ara rẹ̀? Nítorí náà ni wọ́n ṣe fún àwọn olùwádìí ní káàdì. Fún ìbéèrè tó gbẹgẹ́, wọ́n kọ àwọn ìdáhùn sórí páálí, ẹni tí wọ́n ń bi yóò fi ìka sí ìlà tó bá a mu, kò ní la ẹnu. Edith a máa fi ara rẹ̀ bo káàdì náà, bí ẹni tó ń ṣọ́ iná àbẹ́là kí atẹ́gùn má pa á.

Lọ́dún tí ìbò ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí ọ̀rọ̀ kíkan láàárín Yorùbá àti Igbo ṣì wà lẹ́nu àwọn ará Èkó, iṣẹ́ ńlá kan dé. Wọ́n kó àwọn olùwádìí jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Yábà, olùkọ́ kan sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ mọ bí ohun ìní ṣe pín láàárín àwọn ẹ̀yà tó wà ní Nàìjíríà: òrùlé ta ni ń jò, ta ni ó ń mu omi ẹ̀rọ, ọmọ ta ni ó ka ìwé dé ibi tó yẹ. Wọ́n tún fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó gbà pé wọ́n ń rẹ́ ẹ̀yà àwọn jẹ náà ni kò ka Nàìjíríà sí ilé àwọn mọ́.

Edith na ọwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òmíràn ńkọ́?"

"Kí ó mú ọ̀kan," ni olùkọ́ náà wí.

"Tí ó bá ní òun ò lè mú ọ̀kan ńkọ́?"

"Mà, kò sí àyè fún ìyẹn."

Edith tún fẹ́ na ọwọ́, Roqeeb tẹ̀ sí i létí. "Àǹtí Edith, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, oúnjẹ ń tutù."

Káàdì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà ní, ìlà márùn-ún ló wà lórí rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́: ọmọ Nàìjíríà nìkan ni mo ka ara mi sí. Ìkejì: Nàìjíríà ṣíwájú ẹ̀yà mi. Ìkẹta: méjèèjì dọ́gba. Ìkẹrin: ẹ̀yà mi ṣíwájú Nàìjíríà. Ìkarùn-ún: ẹ̀yà mi nìkan.

Ìtirẹ́ ni wọ́n rán Edith lọ. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń yan ilé mú un dé iwájú ilé alájà kan, ó sì mọ ilé náà. Ilé kejì Àlàájì Àbdùlsàmàd ni, ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ kékeré ń gbé. Edith pe Roqeeb lórí fóònù.

"Láńlọ́ọ̀dù mi ló ni ilé yìí."

"Ṣé ẹbí yín ni?"

"Rárá."

"Ṣé òpópónà yín ni?"

"Rárá, Àgùdà ni mò ń gbé."

"Ẹ wọlé nígbà náà, mà. Òfin kò sọ̀rọ̀ láńlọ́ọ̀dù."

Obìnrin Igbo kan tó ń jẹ́ Obiageli, ìyá Kosi, ni orúkọ rẹ̀ jáde nígbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì ṣa ẹnì kan nínú àwọn ayálégbé. Aránṣọ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, téèpù ìwọnra sì wà lọ́rùn rẹ̀ bí ẹ̀gbà. Edith kọ́kọ́ ṣèlérí fún un pé kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Wọn kò tíì dé ìbéèrè kejì tí Ìyá Lateefat, ìyàwó Àlàájì, fi gbé àtẹ ẹ̀wà dé ẹnu ọ̀nà, ó jókòó, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀.

"Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ o. Èmi ò sí níbí."

Edith kí i dáadáa. Ó béèrè lọ́wọ́ Obiageli irú omi tí wọ́n ń lò.

"Kànga ni!" ni Ìyá Lateefat dáhùn. "Kànga ọkọ mi. Kì í gbẹ."

"Àǹtí, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Obiageli wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kànga ọkọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo máa ń fa omi fún wọn."

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ìwọ lo ní o fẹ́ràn mi!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ, tẹ̀rín-tẹ̀rín, títí wọ́n fi dé ibi káàdì. Edith ka ìbéèrè náà jáde bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó na káàdì sí Obiageli, ó yí ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Obiageli gbé ìka lé ìlà kan. Ìka náà dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e kúrò, ó gbé e lé ìlà mìíràn, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ariwo ẹ̀wà lórí àtẹ ti dákẹ́.

"Ṣé ibẹ̀ ni?" ni Edith bèèrè, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin wí.

"Ibẹ̀ ni."

Edith tẹ̀ ẹ́, ó dá káàdì padà sínú báàgì. Títí di òní, kò sí ẹni tó mọ ibi tí ìka náà dúró sí àfi àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, Àlàájì Àbdùlsàmàd ránṣẹ́ pe Edith sí fàráńdà ilé Àgùdà. Ó ní kí ó jókòó. Ó bi í nípa Tiwalọlá, ó bi í nípa ẹsẹ̀ Edith tó ń dùn ún, ó wá dé orí ọ̀rọ̀.

"Ìyá Tiwa, mo gbọ́ pé o dé ilé mi ní Ìtirẹ́. Wọ́n ní o fi ìwé kan han ayálégbé mi, ó sì sunkún."

"Mo débẹ̀ lóòótọ́, Àlàájì."

"Owó ilé obìnrin yẹn ń parí lóṣù tó ń bọ̀. Àwa onílé ní Ìtirẹ́ ti ṣèpàdé. Láti ìgbà ìbò yìí, wọ́n ní kí onílé kọ̀ọ̀kan dìde dúró fún ayálégbé rẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá kí ó tó tún gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró fún ti ẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó máa lọ. Èmi ò fẹ́ lé e. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí mo ń dúró lé lórí. Kí ló fọwọ́ kàn?"

"Mo ti ṣèlérí fún un pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́, sà."

"Ìlérí wo ló wà láàárín èmi pẹ̀lú ẹ? Ṣé ọmọ wa kọ́ ni ẹ́ ni?"

"Ọmọ yín ni mí, sà."

"Ó dáa. Má sọ èyí tó burú. Tó bá jẹ́ Nàìjíríà ló fọwọ́ kàn, ṣáà sọ fún mi, ọ̀rọ̀ parí, obìnrin náà ń gbélé. Tí kò bá jẹ́ Nàìjíríà, dákẹ́. Ó máa yé mi."

Edith wo ilẹ̀. Ó rí pàkúté náà kedere, bẹ́ẹ̀ sì ni Àlàájì fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun dẹ ẹ́. Bí ó bá sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ dára, dídákẹ́ rẹ̀ nípa ẹlòmíràn ti di ẹ̀rí tó tako onítọ̀hún nìyẹn.

"Àlàájì, ohun tí ẹ sọ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀."

Àlàájì dìde. "Owó ilé tìrẹ náà ń bọ̀ wá parí lóṣù Kẹwàá," ó wí, ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀. "Lọ rò ó."

Tiwalọlá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà níbi tó ti ń rẹ́ ilá. Ìmọ̀ ìṣirò-iye, tí wọ́n ń pè ní statistics, ló ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Yábà, kò sì ní sùúrù fún ohun tí kò ní ojútùú.

"Màámi, ẹ sọ pé Nàìjíríà ni. Ṣebí ẹ ti fi ìdáhùn ránṣẹ́, ó ti lọ. Tí wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, kò sí Ìyá Kosi níbẹ̀ mọ́, nọ́ńbà lásán ni. Ẹ sọ pé Nàìjíríà ni, kí àwa náà rójú gbélé."

"Bí ayálégbé mìíràn nínú ilé yẹn bá fọwọ́ kan káàdì lọ́la, tí Àlàájì tún pè mí, kí ni kí n sọ?"

"Nàìjíríà náà ni."

"Ẹni tó tẹ̀ lé e?"

"Nàìjíríà."

"Èmi ni mò ń dá gbogbo wọn lóhùn nìyẹn, bí mo ṣe dáhùn fún Ṣàfíù."

Tiwalọlá ju ọ̀bẹ sínú abọ́. "Ṣàfíù, Ṣàfíù! Ṣàfíù ló máa fún wa nílé?"

Obiageli fúnra rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Kò jókòó. Ó ní Àlàájì ti sọ ohun gbogbo fún òun, ó ní ẹnu Àǹtí Edith nìkan ló kù.

"Àǹtí, ẹ gbà mí. Inú ilé yẹn ni mo bí Kosi sí. Gbogbo oníbàárà mi, Ìtirẹ́ ni wọ́n wà. Ẹ sọ fún wọn pé Nàìjíríà ni."

"Ìyá Kosi, ẹnu yín, tiyín ni. Ẹ lè sọ ọ́ fún wọn fúnra yín."

"Mo ti sọ ọ́! Àlàájì ní kò sí ayálégbé tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló ń pa mí lẹ́kún?"

Edith mọ̀ pé kò yẹ kí òun béèrè, ṣùgbọ́n ó béèrè. "Kí ló pa yín lẹ́kún?"

Obiageli fa téèpù ọrùn rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ẹ bi mí ní ohun tó wà nínú mi. Mo ṣáà rí i pé ojú Ìyá Lateefat ni mo kọ́kọ́ wò. Àǹtí, wọ́n fẹ́ràn mi, èmi náà fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ ohun tí èmi fúnra mi rò, ojú wọn ni mo kọ́kọ́ wò. Ìgbà wo ni mo di ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Edith fa àga sún mọ́ ọn. Obiageli kò jókòó.

"Ṣé ẹ máa bá mi sọ ọ́?"

"Mi ò ní lè sọ nǹkan kan, Ìyá Kosi. Ì báà dára, ì báà burú."

Obiageli yí padà, ó sọ̀kalẹ̀, kò sì dágbére.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, bí Edith ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, Àlàájì tún pè é. Kò dá wà lọ́tẹ̀ yìí. Onílé méjì láti Ìtirẹ́ jókòó tì í lórí fàráńdà, wọ́n ń mu omi tútù.

"Ìyá Tiwa, àwọn ẹ̀gbẹ́ mi nìyí. Ṣé o ti rò ó?"

"Mo ti rò ó, sà." Edith ṣí báàgì rẹ̀, ó mú káàdì jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Àlàájì, ó sì kúnlẹ̀. "Káàdì tí mo fi hàn án nìyí. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè fi hàn yín. Ẹ wò ó, sà."

Àlàájì wá jígí rẹ̀, ó fi í sójú. Ó ka ìlà àkọ́kọ́ jáde ketekete. Ó bẹ̀rẹ̀ ìkejì, ó dákẹ́ lágbedeméjì, ó ń fi ojú ka ìyókù. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìlà náà, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn onílé náà bú sẹ́rìn-ín. "Àlàájì, ẹ fi ìka lé e ká rí i! Ṣebí ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni!"

Àlàájì kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo ẹnìkejì, ó tún wo káàdì. Ìka rẹ̀ dúró nínú afẹ́fẹ́. Ó wá dojú káàdì dé orí itan rẹ̀.

"Mi ò bi yín kí n lè gbọ́, sà," ni Edith wí láti ilẹ̀. "Ẹ má dáhùn."

Ẹ̀rín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kú. Àlàájì na káàdì padà sí Edith láìwò ó.

"Gba káàdì ẹ. O ti dójú tì mí nínú ilé mi."

Nígbà tí àwọn onílé Ìtirẹ́ tún jókòó ìpàdé, Àlàájì Àbdùlsàmàd dìde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní obìnrin Igbo tó wà nílé òun ló ń rán aṣọ fún Lateefat ọmọ òun, ó ní òun dúró fún un, ó jókòó. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Obiageli tún san owó ilé rẹ̀, kò kó lọ.

Ọ̀rọ̀ ti Edith yàtọ̀. Àlàájì pè é, ó ní kí ó wá ilé síbòmíràn kí oṣù Kẹwàá tó parí. Kò jágbe, kò ṣépè. Ó ní, "Mo gbé òkú ọkọ ẹ nínú mọ́tò mi, o ò lè sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Mi ò lè máa rí ẹ láràárọ̀." Edith dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo ọdún tó ti kọjá. Roqeeb ní òun lè bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ kí wọ́n wá bẹ Àlàájì. Edith ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí bí wọ́n bá wá, wọ́n ní láti sọ ìdí tí wọ́n fi wá.

Ó ṣẹ́ ku ohun kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí Edith ń di ẹrù, Obiageli wá. Aṣọ àǹkárá tuntun ló gbé lọ́wọ́, bùbá àti ìró, ó ti rán an pé. Ó kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Àǹtí, Ọlọ́run ló máa bá mi san án fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ò ní sọ ọ́, ẹ sì sọ ọ́."

Tiwalọlá, tó ń di àwo sínú páálí, wo ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣáà gbà á bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí wá dúpẹ́, kí ni yóò ná wọn láti gba ọpẹ́?

"Ẹ dìde, Ìyá Kosi," ni Edith wí. "Mi ò sọ nǹkan kan."

"Háà, Àǹtí."

"Mi ò sọ nǹkan kan. Àlàájì ló dúró fún yín, ọkàn ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Òun ni kí ẹ gbé aṣọ yìí lọ fún."

Obiageli dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ká ní wọn ò dúró fún mi, ẹ máa jẹ́ kí n lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà bá Edith níbi tó ń dùn ún. Ó lè sọ pé òun ì bá ti wá nǹkan ṣe. Ó lè sọ pé Ọlọ́run kì í jẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. "Ǹ bá jẹ́ kí ẹ lọ. Ǹ bá sì sunkún."

Obiageli gbé aṣọ náà mọ́ àyà, ó lọ. Àwọn tó mọ̀ wọ́n ní wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Ṣàfíù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Edith fúnra rẹ̀, nígbà tó gbé fáànù tó kọ̀ láti yí lọ fún un kí ó tó kó o wọ inú ẹrù. Láti ọjọ́ àṣìṣe yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé fáànù lọ. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ń yí bẹ́léèdì fáànù wò bóyá ó wọ́.

"Yàrá kan ṣófo nínú ilé wa," ó wí níkẹyìn. "Ayálégbé tó wà níbẹ̀ ti kó lọ. Ṣùgbọ́n èmi náà ti di onílé báyìí, mo ní láti ṣèwádìí kí n tó gba èèyàn." Ó mú pẹ́ńsùlù tó fi ń sàmì sí wáyà, ó fojú ọ̀gá wò ó. "Ẹ̀yà wo ni yín?"

Edith rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. "Ìjẹ̀ṣà ni mí, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé Iléṣà, wọ́n máa ń gbé àga fún mi."

"Ẹ kó wá," ni Ṣàfíù wí.

Nígbà tí àbájáde iṣẹ́ náà jáde, Tiwalọlá rí i lórí fóònù rẹ̀, ó fi ibi tí Èkó wà han ìyá rẹ̀. Edith fi ìka tọ àwọn ìlà náà lọ, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Níbo ni Ìtirẹ́ wà níbẹ̀?"

"Ìtirẹ́ kò sí níbẹ̀, Màámi. Wọ́n ti pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ Èkó."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Edith wí, ó dá fóònù padà.

Nígbà tí a gbọ́ ìròyìn rẹ̀ kẹ́yìn, ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Ilé Ṣàfíù ní Ìdí-Oró, Mushin, ló ń gbé, nínú yàrá àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún bí èèyàn bá wọlé láti títì.